Igbó Àwọn Baba Wa àti Ìwé Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ níbi ayẹyẹ ọdún ìbílẹ̀ wa ní Tatonnonkon

     

Nígbà tí ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ìwádìí yunifásítì ṣe ń ran ilẹ̀ àti igbó lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn àgbà bi mí léèrè pé: “Kí ló pa yunifásítì pọ̀ mọ́ igbó wa? Ṣé kì í ṣe àwọn baba wa ló ti ń tọ́jú igbó kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìwé?” Ìbéèrè gidi ni. Mi ò ní fi ẹ̀rín gbé e kúrò. Òun gan-an ni mo fẹ́ fi gbogbo ọ̀rọ̀ òní dáhùn. Ìdáhùn mi ni pé àwọn baba wa ló tọ́jú igbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń bá igbó jà lónìí kò bẹ̀rù èèwọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ wa tó mọ̀wé lè ràn wá lọ́wọ́ láti bá a jà, bí ìwé tí wọ́n ń kọ bá ń padà wá sílé.

Ilẹ̀ tí a jókòó lé

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ wa. A ní ilẹ̀ pupa tó wà lórí òkè, èyí tí a ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀pà sí, tí ọ̀pẹ sì ń hù lé lórí. A ní ilẹ̀ dúdú alámọ̀ ní ìhà Massè títí dé Issaba. Bí òjò bá rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí ẹ̀kọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó ń là débi tí ọmọdé lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Láti inú ilẹ̀ méjèèjì yìí ni ẹrù tí ń kún ọjà Ikpinlè ti ń wá. Inú rẹ̀ la ti rí owó ilé-ìwé, owó ìyàwó àti owó ìsìnkú.

Láyé àwọn baba wa, bí ènìyàn bá ro oko fún ọdún mélòó kan, a máa fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó sinmi títí igbó yóò fi bò ó. Lónìí, ọmọ ti pọ̀, ilẹ̀ kò fẹ̀ sí i. Ìsinmi tí ilẹ̀ ń rí ti kúrú, nílòmíràn kò sí mọ́ rárá. Ẹ̀kan ti gba oko. Àgbàdo ń yọ, kò sanra. Igi ńlá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ń di pákó, èyí tó wà nínú oko ń di èédú. Ẹ̀rọ ìgégi kan ń ṣe lọ́jọ́ kan ohun tí àáké baba wa kò lè ṣe lóṣù kan.

Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé àti ìjọba ń pè ní àwùjọ tútù, tàbí ìdàgbàsókè tó ń tọ́jọ́, kò ju èyí lọ: kí a jẹ lára ilẹ̀ lónìí, kó sì ṣẹ́kù fún ọmọ tí a kò tíì bí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò. Ẹni tó bá ń gé orí iṣu fún gbígbìn kó tó gún iyán ti mọ̀ ọ́n.

Ìwé tí a kọ nípa igbó Pobè

Ìwádìí kò jìnnà sí wa bí a ṣe rò. Pobè wà nítòsí. Láti 1922 ni àgọ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀, ìyẹn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbin ọ̀pẹ tí wọ́n ń pè ní ọ̀pẹ àyànṣe láì mọ bó ṣe wáyé. Ọ̀pẹ kan wà tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, tí ẹran ara ẹyìn rẹ̀ kò pọ̀. Òmíràn wà tí èkùrọ́ rẹ̀ kò ní èèpo líle rárá, ṣùgbọ́n kì í sábà so dáadáa. Ní 1941, àwọn olùwádìí méjì ní Congo, Beirnaert àti Vanderweyen, fi hàn pé bí a bá mú àwọn méjèèjì so pọ̀, ọmọ tí wọn yóò bí ni ọ̀pẹ tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí epo rẹ̀ sì pọ̀. Ìmọ̀ yìí ni àwọn àgọ́ ìwádìí bíi ti Pobè fi ń yan èso tí wọ́n ń fún àgbẹ̀. Ẹ rò ó wò: bí ilẹ̀ kan náà bá lè mú epo tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ wá, kò di dandan kí a tún ṣán igbó mìíràn kí a tó rí epo tà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ yìí ni igbó Pobè wà, igbó kékeré tó kù nínú igbó ńlá tó bo agbègbè wa nígbà kan. Ọ̀mọ̀wé kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Benin, Nestor Sokpon, fi igbó yìí ṣe ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, èyí tó parí ní 1995 ní Université Libre de Bruxelles ní ilẹ̀ Belgium. Ẹ gbọ́ ohun tó wádìí: irú igi tó ń bá irú igi gbé, bí igi kéékèèké ṣe ń hù rọ́pò àwọn tó ti gbó, àti bí ewé ṣe ń wọ́ sílẹ̀.

Ẹnì kan lè rẹ́rìn-ín pé, ṣé ewé tó ń wọ́ náà ni ènìyàn yóò fi gba oyè? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ewé tó wọ́ ni oúnjẹ igbó. Igbó kì í ra ajílẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣá, nítorí ohun tí igi bá fà sókè, ewé a dá a padà sílẹ̀, kòkòrò àti ekòló a jẹ ẹ́, yóò tún di oúnjẹ igi. Oko wa kì í rí bẹ́ẹ̀. A ń kó àgbàdo lọ sọ́jà, a ń fi iná sun pòròpórò rẹ̀, a wá ń bi ilẹ̀ pé kí ló dé tí kò lágbára mọ́. Ẹni tó bá mọ bí igbó ṣe ń bọ́ ara rẹ̀ ti mọ ibi tí oko wa ti ṣìnà.

Ọ̀mọ̀wé mìíràn, Aristide Adomou, tó gba oyè tirẹ̀ ní yunifásítì Wageningen ní ilẹ̀ Netherlands ní 2005, wo gbogbo igi àti ewé ilẹ̀ Benin láti etí òkun dé odò Ọya. Ó pín ilẹ̀ náà sí 10 gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń hù níbẹ̀ ṣe rí, ó sì fi orúkọ Pobè pe ọ̀kan nínú wọn. Ìyẹn ni pé ohun tó ń hù ní sàkání wa ní ìwà tirẹ̀. Bí a bá pa á run níbí, a kò lè retí pé Parakou tàbí Natitingou yóò bá wa tọ́jú rẹ̀.

Ìwádìí kẹta jinlẹ̀ ju méjèèjì lọ. Ulrich Salzmann àti Philipp Hoelzmann gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù Benin, wọ́n sì ka àtíkè òdòdó igi tó ti wà nínú ẹrẹ̀ náà láti ẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Ohun tí wọ́n rí ni pé igbó kìjikìji bo ìhà ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín nǹkan bí 4,500 sí 3,400 ọdún sẹ́yìn, òjò dínkù, igbó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dàn fi dé etí òkun lọ́dọ̀ wa, nígbà tí igbó ńlá wà ní ìlà-oòrùn wa àti ní ìwọ̀-oòrùn. Igbó tó kù lọ́wọ́ wa dà bí àfọ́kù ìkòkò ńlá kan. Ọ̀dá ló kọ́kọ́ fọ́ ọ, àwọn baba wa ṣa àfọ́kù rẹ̀ pa mọ́. Àwa kọ́ ló yẹ kó lọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú.

Nígbà tí wọ́n ka igbó mímọ́

Mo padà sí ìbéèrè àgbà wa. Àwọn baba wa ló tọ́jú igbó. Ta ló mọ̀? Àwa mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba bá jókòó láti pín ilẹ̀, láti la ọ̀nà, láti fún ilé-iṣẹ́ ní ibi tí yóò kọ́lé sí, wọn kì í béèrè ohun tí a mọ̀ nínú ọkàn. Wọ́n ń béèrè ìwé.

Ní 1998, Agbo àti Sokpon kó èsì iṣẹ́ kan jọ tí wọ́n fi ka àwọn igbó mímọ́ ilẹ̀ Benin. Wọ́n rí 2,940. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, hẹ́kítà 18,360 ni. Tí a bá pín in lọ́gbọọgba, igbó kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà 6 lọ. Nínú ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà ilẹ̀ Benin, igbó mímọ́ kò tó hẹ́kítà 2. Ẹ wo bó ṣe kéré tó! Síbẹ̀, nínú àwọn igbó kéékèèké wọ̀nyí ni àwọn igi àti ewé kan fara pa mọ́ sí, tí a kò rí wọn lóko tàbí lẹ́bàá ọ̀nà mọ́. Ìwé ńlá tó to ewéko ilẹ̀ Benin jọ, èyí tí Akoègninou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2006, ka irú ewéko 2,807 ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Onísègùn wa mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní orúkọ, ó sì mọ ìwúlò wọn.

Irú ìwé báyìí ló la ọ̀nà fún òfin. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá 2012, àwọn mínísítà fọwọ́ sí àṣẹ kan, nọ́ńbà 0121, lórí bí a ó ṣe máa tọ́jú igbó mímọ́ kó lè tọ́jọ́. Kí ó tó dìgbà náà, ohun tó ń ṣọ́ igbó wa ni èèwọ̀ nìkan. Láti ọjọ́ náà, èèwọ̀ ti ní òfin lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òfin kì í rìn fúnra rẹ̀. Ìlú tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ààlà igbó rẹ̀, kó ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o, kó sì bá méríì àti àwọn òṣìṣẹ́ igbó sọ̀rọ̀. Wíwọn ààlà àti kíka igi jẹ́ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń kọ́. Mímọ ibi tí ẹsẹ̀ àlejò kò gbọdọ̀ tẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àwọn baba wa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn kan pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò tú àṣírí orò. Kò ní rí bẹ́ẹ̀ bí a bá sọ òfin wa fún un kó tó wọlé. A lè ti etí igbó wọn ìwọ̀n rẹ̀. Ibi tí ojú kò gbọdọ̀ dé, kò gbọdọ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ ìrókò

Ẹ jẹ́ kí n mú igi kan ṣoṣo, kí ẹ lè rí bí ọgbọ́n ilé àti ọgbọ́n ìwé ṣe ń pàdé. Mo mú ìrókò, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbí. Àwọn baba wa kì í gé e láìṣe ètùtù. Wọ́n ń ro oko yí i ká. Wọ́n ń fi aṣọ funfun dì í. Ní 2005, Ouinsavi, Sokpon àti Bada tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn ará Benin ṣe ń lo ìrókò àti bí ìṣe ìbílẹ̀ ṣe ń dá a sí. Ẹ rí i pé ètùtù baba wa ti di ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ káàkiri ayé.

Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà nípa ìrókò tí ìwádìí fi hàn, tí ó yẹ kí gbogbo ilé ní Tatonnonkon mọ̀.

Àkọ́kọ́, ìrókò ní akọ, ó ní abo. Igi tó jẹ́ akọ kì í so. Igi tó jẹ́ abo kò lè so èso tó lè hù bí akọ kò bá sí nítòsí. Nítorí náà, bí a bá gé ìrókò mẹ́rin, tí a dá ẹyọ kan sí nítorí òòṣà, a lè rò pé a ti tọ́jú ìrókò. A kò tọ́jú rẹ̀. Opó ni a fi sílẹ̀. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní ti ìrókò, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Èkejì, àdán ló ń bá ìrókò gbin ọmọ rẹ̀. Àdán ńlá tó ń fò ní àṣálẹ́ ń jẹ èso rẹ̀, ó ń gbé irúgbìn rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó sì ń yà á sílẹ̀ níbi tí a kò rò. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbọ́ o: ẹni tó ń fi rọ́bà ta àdán ń pa àgbẹ̀ tó ń gbin igi fún wa láìgba owó.

Ẹ̀kẹta ló fà á tí ìrókò fi ṣòro láti gbìn bíi ti tíìkì. Kòkòrò kékeré kan wà, Phytolyma ni wọ́n ń pè é. Ó ń yé ẹyin sórí ewé ìrókò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ewé náà a wú bí eéwo, yóò bẹ́, yóò rà, orí igi náà yóò sì kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbin ìrókò nínú oòrùn gbangba, ní orí ìlà gbọọrọ, tí gbogbo rẹ̀ kú, tí wọ́n sì ní òòṣà ló kọ̀. Àwọn olùwádìí ní Kumasi, ní Ghana, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gbin ìrókò pọ̀ mọ́ àfàrà, wọ́n wo bí òjìji ṣe ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìrókò kékeré fẹ́ òjìji, ó sì fẹ́ kí igi mìíràn yí i ká. Bí a bá to òun nìkan sójú kan, kòkòrò a rí i kíákíá. Ṣé kì í ṣe bó ṣe ń hù nínú igbó àwọn baba wa náà nìyẹn?

Ohun tó kan oúnjẹ

Àwọn ọ̀dọ́ kan yóò sọ pé: “Igbó dára, ṣùgbọ́n ebi ń pa wá. Àpò èédú kan tí mo tà lónìí ni màá fi jẹun lálẹ́.” N kò bú wọn. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìwádìí tí kò bá kan oúnjẹ, àgbẹ̀ kò ní gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìtàn mẹ́ta tó kan oúnjẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà rántí kòkòrò funfun bí ìyẹ̀fun tó bo orí ẹ̀gẹ́, tí ewé rẹ̀ fi ká jọ, tí ẹ̀gẹ́ kò fi ta. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ó dé Congo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1980, ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n lè ní kí gbogbo àgbẹ̀ ra oògùn apakòkòrò. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí lọ sí ibi tí kòkòrò náà ti wá, wọ́n rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay ní 1981 tó ń jẹ ẹ́. Wọ́n gbé agbọ́n náà wá sí IITA ní Ìbàdàn, wọ́n tú u sílẹ̀, ó sì tàn dé orílẹ̀-èdè tó ju 20 lọ ní Áfíríkà. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀, ilẹ̀ kò mu májèlé, ẹ̀gẹ́ padà bọ̀ sípò. Hans Herren tó ṣíwájú iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé, World Food Prize, ní 1995.

Ìtàn kejì wà ní odò Wẹmẹ. Ewé orí omi tí Faransé ń pè ní jacinthe d'eau bo odò àti adágún, ọkọ̀ ojú omi kò lè kọjá, apẹja kò rí ẹja pa. Láti 1991, àwọn olùwádìí ní àgọ́ IITA tó wà ní Calavi tú àwọn kòkòrò kan tó ń jẹ ewé náà nìkan sínú omi. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní 2003, wọ́n ní nígbà tí ewé náà pọ̀ jù, àwọn ènìyàn bí 200,000 ní gúúsù Benin ń pàdánù owó tó tó mílíọ̀nù 84 dọ́là lọ́dún, àti pé iṣẹ́ kòkòrò náà dá mílíọ̀nù 30 ó lé díẹ̀ padà fún wọn lọ́dọọdún.

Ìtàn kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ní ìparí ọdún 1980 sí 1990, àwọn olùwádìí gbé irú wèrèpè kan tí kì í yún ènìyàn lára lọ sí ilẹ̀ Adja ní ìhà Mono. Kì í ṣe Adja-Ouèrè tiwa o. Mucuna lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Èrò wọn ni pé yóò mú ilẹ̀ sanra. Àwọn àgbẹ̀ gbà á, wọ́n gbìn ín. Àwọn àgbẹ̀ gan-an ló wá kíyè sí i pé ibi tí wèrèpè yìí bá bò, ẹ̀kan ń kú. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e láti oko dé oko nìyẹn, títí ó fi kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Benin. Olùwádìí mú irúgbìn wá, àgbẹ̀ ló rí ìwúlò rẹ̀. Ẹni tó bá ní kìkì ọ̀mọ̀wé ló ń ṣe ìwádìí kò tíì gbọ́ ìtàn yìí. Ẹ̀yin tí ẹ̀kan ń dá lóró ní oko yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn.

Ìwé tí kò padà sílé

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa nísinsìnyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ àwọn abúlé wa. Wọ́n ń jókòó ti àwọn baba wa, wọ́n ń béèrè orúkọ ewé, wọ́n ń wọn igi, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń lọ. Ìwé tí wọ́n kọ wà ní ilé ìkówèésí ní ìlú ńlá, ní èdè Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Baba tó ka orúkọ ewé fún wọn lè kú láì mọ ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Ọmọ rẹ̀ yóò sì gé igi tí bàbá rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un pé igi náà ṣọ̀wọ́n. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó pọn omi lódò wa, tó lọ fi wẹ̀ ní ìlú mìíràn.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti yunifásítì nìkan. Àwa náà kò béèrè. Àwa ọmọ Tatonnonkon tí a lọ sí ilé-ìwé gíga, mélòó nínú wa ló ti fi èdè wa ṣàlàyé ohun tí a kọ́ fún ìyá wa?

Nítorí náà, mo mú àbá mẹ́rin wá síwájú ẹgbẹ́ wa.

Ìkíní: kí olùwádìí yòówù tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní igbó tàbí oko wa kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ ìjòyè àti ẹgbẹ́. Kó sọ ohun tó ń wá. Kí a sọ èèwọ̀ wa fún un. Kó sì fọwọ́ sí i pé òun yóò padà wá jíṣẹ́. Kí a fún un ní ọ̀dọ́ kan tí yóò máa bá a rìn, tí òun náà yóò fi kọ́ṣẹ́.

Ìkejì: láti ọdún tó ń bọ̀, kí a ya wákàtí kan sọ́tọ̀ nínú ayẹyẹ ọdún wa fún ìjíṣẹ́ yìí, ní èdè tí ìyá ẹlẹ́ja yóò gbọ́. Ọdún ni gbogbo ilé ń péjọ sí. Bí a ṣe ń fún onílù láyè, kí a fún ẹni tó ṣèwádìí láyè. Ẹ má gbàgbé pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé, igi la fi gbẹ́ ère rẹ̀. Igi ọmọ la fi ń gbẹ́ ìlù. Ọjọ́ tí igbó bá tán, kí ni a ó fi ṣọdún?

Ìkẹta: kí ẹgbẹ́ bá kọ́múùnù Adja-Ouèrè sọ̀rọ̀ kí a lè wọn ààlà igbó mímọ́ wa, kí a sì lo àṣẹ 2012 láti fi í sábẹ́ òfin. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti orílẹ̀-èdè wa ní ilé-ẹ̀kọ́ nípa igbó ní Kétu. Kò jìnnà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò ti ṣiṣẹ́. Àwa ń wá ẹni tí yóò bá wa wọn ààlà.

Ìkẹrin: kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní agbègbè wa ní ibi ìtọ́jú igi kékeré. Láti 1985 ni orílẹ̀-èdè wa ti ń fi ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà gbin igi. Lọ́pọ̀ ìgbà, a ń gbìn ín, a ń ya fọ́tò, ewúrẹ́ á sì jẹ ẹ́. Kí àwọn ọmọ ṣa èso ìrókò àti ti igi ọmọ, kí wọ́n hù ú lábẹ́ òjìji, kí wọ́n gbìn ín sí àárín igi mìíràn, kí wọ́n fi ọgbà yí i ká, kí wọ́n sì máa kọ iye tó yè àti iye tó kú lọ́dọọdún. Ìwé kékeré tí wọ́n bá kọ ọ́ sí, ìwádìí ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì lè parí rẹ̀ ní yunifásítì.

Kò sí èyí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń béèrè mílíọ̀nù sẹ́fà. Ohun tó ń béèrè ni ìpinnu, àti ẹni tí kò ní jẹ́ kó kú sínú ìwé ìpàdé.

Àgbà wa bi mí pé kí ló pa yunifásítì pọ̀ mọ́ igbó wa. Baba mi, ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ẹ̀yin ti ṣe tiyín. Ẹ fi èèwọ̀ dá igbó sí, ẹ fi ètùtù dá ìrókò sí, ẹ sì rán àwa ọmọ yín lọ sí ilé-ìwé. Ó kù sí ọwọ́ àwa tí ẹ rán láti fi ìwé ṣọ́ ohun tí ẹ fi èèwọ̀ ṣọ́, kí ọmọ ọmọ yín lè sọ pé igbó tó bá baba òun nílẹ̀ bá òun náà.

Ilẹ̀ wa kò ní ṣá. Òjò yóò rọ̀ lásìkò. Ìrókò wa kò ní di opó. A ó ṣe èyí, a ó ṣe ẹ̀ẹ̀mìíràn, igbó wa kò ní parẹ́ kí a tó dé.